Èèyàn Mélòó Ló Tó? Ìtàn Àwọn Olówó Tó Ń Gbé Ilé-Iṣẹ́ Tuntun Dìde

Ní ọdún 1957, àwọn ẹnjiníà méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Lincoln ti yunifásítì MIT, Ken Olsen àti Harlan Anderson, mú ìwé kan lọ bá àwọn olówó ní Boston. Kọ̀ǹpútà ló wù wọ́n láti máa ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wọn rárá, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ti kó sínú òwò kọ̀ǹpútà nígbà náà, àdánù ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n wá kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí àwọn ilé ìwádìí fi ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ ni àwọn máa kọ́kọ́ tà, èrè á sì wọlé kíákíá. Ilé-iṣẹ́ American Research and Development, tí wọ́n ń pè ní ARD, fún wọn ní $70,000, ó sì gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọn ò tíì dá sílẹ̀. Wọ́n lọ háyà àyè nínú ilé ìhunṣọ àtijọ́ kan ní Maynard, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, torí owó ilé ibẹ̀ ò wọ́n. Wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ náà ní Digital Equipment Corporation, DEC.

Georges Doriot ni ààrẹ ARD. Ọmọ Faransé ni, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti Harvard, ó sì jẹ́ ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí wọ́n dá ARD sílẹ̀ ní 1946, báńkì kì í yá ẹni tí kò ní nǹkan fi dúró lówó, àwọn ìdílé olówó ló kù tí ọ̀dọ́ tó ní ọgbọ́n lè lọ bá. Ohun tí Doriot ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé èrò tí kò fi bẹ́ẹ̀ tayọ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ sàn ju èrò àrà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Èèyàn ló ń wò kó tó wo ìwé. Nígbà tí ARD fi máa wọnú ilé-iṣẹ́ Textron ní 1972, $70,000 yẹn ti di ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé òwò eré ni wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun ní Yábàá, ní Èkó. Lára ohun tí mò ń kọ lóṣooṣù ni ìròyìn tí a fi ń ránṣẹ́ sí àwọn VC, ìyẹn àwọn olówó tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ìlà kan wà nínú ìròyìn yẹn tí ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀: iye òṣìṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n yìn ín ní ọdún kan, tí wọ́n sì bínú sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn náà ń ṣe ò yí padà. Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn olówó yìí, kí n lè mọ ibi tí ojú tí wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ ti wá. Ní báyìí tí gbogbo ẹnu ń sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI, máa jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ọgbọ̀n èèyàn, mo rò pé ó yẹ kí àwa náà mọ ìtàn yẹn.

Àwọn òpìtàn kan máa ń tọpasẹ̀ òwò VC kọjá Doriot, dé èbúté New Bedford ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ àbùùbùtán. Ọkọ̀ kan lè lo ọdún mẹ́ta lójú òkun, òmíràn kì í padà wálé mọ́. Ẹni tó ń ṣètò ìrìn náà á kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn olówó, á yan ọ̀gá ọkọ̀, á sì mú ìpín tirẹ̀ nínú èrè. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé àwọn atukọ̀ náà kì í gba owó oṣù. Ìpín nínú òróró tí wọ́n bá kó bọ̀ ni owó wọn, látorí ọ̀gá títí dórí ọmọ tó ń ṣe ìránṣẹ́. Ìpín àwọn tó wà nísàlẹ̀ kéré jọjọ, mi ò ní sọ pé wọ́n rẹ́ni ṣàánú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí olówó tó lè jókòó sórí ilẹ̀ kó ní kí wọ́n dín ìdajì àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kù. Ẹni tí yóò di ọ̀kọ̀ mú gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ kékeré lé ẹran náà gbọ́dọ̀ wà.

Ní California, ọdún 1957 náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́jọ kan sá kúrò ní ilé ìwádìí William Shockley, tí Arthur Rock, òṣìṣẹ́ báńkì ìdókòwò kan, sì bá wọn wá owó kiri, títí olówó kan, Sherman Fairchild, fi gbà láti gbé owó náà jáde. Ibẹ̀ ni Fairchild Semiconductor ti wá. Ní 1968, Rock yìí kan náà kó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là jọ fún Robert Noyce àti Gordon Moore, méjì lára àwọn mẹ́jọ yẹn, Intel sì dìde. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ VC méjì, Kleiner Perkins àti Sequoia, bẹ̀rẹ̀, òpópónà Sand Hill Road ní Menlo Park sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ojúbọ tí gbogbo ẹni tó ń wá owó ń gbà lọ.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni Genentech, torí pé òun ni mo ka sí àpẹẹrẹ ìmọ̀ owó ná tó péye jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1976, Robert Swanson, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àti Herbert Boyer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì California ní San Francisco, tọ Tom Perkins ti Kleiner Perkins lọ. Wọ́n fẹ́ kí kòkòrò bakitéríà máa pèsè oògùn tí ara èèyàn ń lò. Wọ́n fẹ́ owó ńlá láti kọ́ ilé ìwádìí, láti gba òṣìṣẹ́, láti ra irinṣẹ́. Perkins ronú sí i, ó sì rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lè pa gbogbo owó náà: ṣé nǹkan ọ̀hún tilẹ̀ ṣeé ṣe? Ó dábàá pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò náà fún àwọn tó ti ní ilé ìwádìí tẹ́lẹ̀, ní yunifásítì Boyer àti ní ilé ìwòsàn City of Hope, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi $100,000 dán an wò. Ní 1977, bakitéríà náà pèsè somatostatin. Ní 1978, ó kan insulin, oògùn tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ń gbà sára. Nígbà tí Genentech wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní oṣù kẹwàá 1980, ìpín tí wọ́n fẹ́ tà ní $35 fò dé $88 láàárín ìwọ̀nba àkókò díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń yin Perkins. Kò bèèrè pé òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n lè má gbà. Ó bèèrè ohun tí ewu tó tóbi jù jẹ́, ó sì san owó kékeré láti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìdáhùn dé, Genentech gba àwọn èèyàn, ó gba wọn dáadáa, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ń dù láti wọ ibẹ̀. Owó tí wọ́n tọ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá fi ra ọgbọ́n èèyàn lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, owó wá pọ̀ lójijì, orí ìwé òfin ló sì ti wá. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣàlàyé òfin owó ìfẹ̀yìntì pé àwọn alábòójútó owó náà lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn VC. Owó tí àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí Sand Hill Road. Láti ìgbà yẹn ni mo ti rí ohun kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe: bí owó bá ti pọ̀, tó sì rọrùn láti rí, èrò àwọn olówó nípa òṣìṣẹ́ á yí sí ọ̀nà kan, bí owó bá ti wọ́n, á yí padà.

Ìgbà yẹn náà ni ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ́kọ́ wọ ọjà. DEC ti Maynard ti di ilé-iṣẹ́ ńlá nígbà náà, kọ̀ǹpútà VAX rẹ̀ sì ń tà bí ẹni tí kò ní dẹ́kun. Ìṣòro wọn ni pé àwọn ẹ̀yà VAX pọ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Wáyà tó yẹ kó wà nínú ẹrù lè má sí níbẹ̀, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, kò ní ṣiṣẹ́. John McDermott ti yunifásítì Carnegie Mellon wá kọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní XCON, èyí tó ń yẹ ìwé ìbéèrè oníbàárà wò, tó sì ń to àwọn ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Láti 1980 ni DEC ti ń lò ó, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó ń bá wọn tọ́jú mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀wẹ̀wá dọ́là lọ́dọọdún. Ìròyìn yẹn tàn. Àwọn VC sáré gbé owó fún àwọn tó ń ta irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: Teknowledge, IntelliCorp, Symbolics tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà nìkan.

Ohun tí ìròyìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé gbogbo ìgbà tí DEC bá ti gbé ọjà tuntun jáde ni òfin inú XCON ń pọ̀ sí i, títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n ní láti ní ẹgbẹ́ àwọn èèyàn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tún ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ṣe. Ẹ̀rọ náà bá àwọn kan gba iṣẹ́ ṣe, ó sì bí iṣẹ́ fún àwọn mìíràn. Ní 1987, ọjà àwọn ẹ̀rọ bíi ti Symbolics wó lulẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń rà ti lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ náà lówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń wá owó ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ AI hàn nínú ìwé rẹ̀ mọ́, bí Olsen àti Anderson ò ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà hàn nínú tiwọn. Ó pẹ́ kí ẹnu tó gbà á padà.

DEC fúnra rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 100,000 ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 1998, Compaq rà á. XCON kò lè gbà á là, àwọn èèyàn tó pọ̀ kọ́ ló sì pa á. Kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò tètè kà sí.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Webvan, tó ń gbé oúnjẹ dé ojúlé, gba nǹkan bí mílíọ̀nù 800 dọ́là, ó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí kiri ìlú kó tó mọ̀ bóyá àwọn oníbàárà á dúró, ó sì kógbá sílé ní oṣù keje 2001. Àwọn tó fowó sí i, Sequoia wà lára wọn, ti gbàgbé ohun tí Perkins bèèrè ní 1976. Nígbà tí gbèsè ilé dojú ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dé ní 2008, Sequoia pe àwọn olùdásílẹ̀ jọ, ó sì fi ìwé àfihàn kan tí òkúta ibojì wà lójú rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé ìgbà ìgbádùn ti kú: ẹ gé ìnáwó, ẹ gé òṣìṣẹ́.

Lásìkò yẹn náà, ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́nú. Ní 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn èèyàn ní sáfà rẹ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹni tó ń fi owó VC ra ẹ̀rọ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń san ìwọ̀nba ohun tó lò. Y Combinator, tí Paul Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2005, ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀ dọ́là péré, ó sì ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tí kò wọ́n títí ọjà wọn yóò fi lè bọ́ wọn. Èso ìgbà náà yani lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ 13 ló wà ní Instagram nígbà tí Facebook rà á ní bílíọ̀nù kan dọ́là ní 2012. Òṣìṣẹ́ 55 ló wà ní WhatsApp nígbà tí wọ́n kéde pé Facebook máa san bílíọ̀nù 19 fún un ní 2014, bẹ́ẹ̀ ó ti ní nǹkan bí 450 mílíọ̀nù èèyàn tó ń lò ó. Sequoia ni VC kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn WhatsApp, láti ìgbà náà sì ni gbogbo VC ti ń lá àlá òṣìṣẹ́ 55. Àwọn tó ń lá àlá náà kì í sábà rántí pé orí wáyà, òpó àti agbára ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tọ́jú ni àwọn 55 yẹn dúró lé, kì í sì í ṣe WhatsApp ló ń san owó oṣù àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún náà.

Ọmọ tiwa kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀. Tope Awotona, tí wọ́n bí ní Èkó, tó kó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà èwe rẹ̀, dá Calendly sílẹ̀ ní Atlanta ní 2013. Áàpù tó ń bá èèyàn méjì wá àyè ìpàdé láìjẹ́ pé ìwé ìfìránṣẹ́ ń lọ síwá-sẹ́yìn ni. Ó ti dá òwò mìíràn sílẹ̀ rí tí kò yọrí. Àwọn VC tó kọ́kọ́ lọ bá kò gbà á. Ó kó gbogbo owó tó fi pamọ́ lé e, ó gbé iṣẹ́ kíkọ áàpù náà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ukraine, owó àkọ́kọ́ tó sì rí gbà lọ́wọ́ àwọn tó fowó sí i kò ju $550,000 lọ. Ní oṣù kìíní 2021, nígbà tí iṣẹ́ náà ti ń mú èrè wọlé, wọ́n fi mílíọ̀nù 350 dọ́là ra ìpín nínú rẹ̀, wọ́n sì díyelé e ju bílíọ̀nù 3 lọ. Awotona kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ nítorí kò ní owó púpọ̀, ó sì mọ ohun tí ó ń ná owó náà lé lórí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti Genentech lójú mi ju ti WhatsApp lọ.

Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà, èlé orí owó ní Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, àwọn olówó sì ń wá ibi tí owó wọn á ti bí. Ní 2017, Masayoshi Son ti SoftBank kó nǹkan bí bílíọ̀nù 100 dọ́là jọ sínú àpò kan. Ìwàásù yí padà: ẹni tó bá tètè gba ọjà ló ni ọjà, ẹ gba èèyàn, ẹ fẹ̀, èrè á wá lẹ́yìn. A rí i ní Èkó pẹ̀lú ojú wa. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ ìsanwó OPay gba mílíọ̀nù 170 dọ́là, ọ̀kadà ORide rẹ̀ aláwọ̀ ewé gba títì kan, owó tí èrò ń san kò tó owó epo. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kejì 2020, ọ̀rọ̀ yẹn parí láàárín ìwọ̀nba oṣù. OPay yè é, torí iṣẹ́ owó fífi ránṣẹ́ àti POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ ìsanwó Stripe kéde pé òun ti ra Paystack, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ Y Combinator, ariwo sì gba gbogbo Yábàá pé tiwa náà ti dé.

Ní 2021, bí mo bá kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù pé ilé-iṣẹ́ kan ti gba òṣìṣẹ́ mọ́kànlá sí i, lẹ́tà ìkíni ló ń wá láti London. Èèyàn laṣọ wọn nígbà náà. Olùdásílẹ̀ tó sọ pé òun fẹ́ rọra ṣe é, wọ́n á bi í pé ṣé kò nígboyà ni. Ní oṣù kẹta 2022, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, kò sì dúró títí ó fi kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù karùn-ún, Sequoia tún fi ìwé ìkìlọ̀ mìíràn síta, Y Combinator kọ tirẹ̀. Ìbéèrè tó wá ń dé ọ̀dọ̀ mi ni ti burn multiple, ìṣirò tí David Sacks, olówó VC kan, gbé jáde ní 2020: dọ́là mélòó lẹ jó kí dọ́là kan tó kún owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún? Àwọn èèyàn tí wọ́n fi kí wa kú oríire ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn di gbèsè lójú wọn.

Èmi ni mo ṣírò owó àwọn tó máa lọ ní ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí oníPOS kan ní Bódìjà bá pè, tó ní, "Àǹtí, owó mi ti há o, wọ́n ti débíìtì oníbàárà, kò sì wọlé sọ́dọ̀ mi," ọmọ yìí á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jọ̀ọ́," kó tó bi í ní ìbéèrè méjì, á sì ti mọ báńkì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣòjòjò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìmọ̀ yẹn sí. Nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ nìkan ló hàn. Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníPOS ni ẹjọ́ wọn ń pẹ́ kó tó yanjú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé owó wọn lọ síbòmíràn. Ìyẹn náà dá ihò sínú owó tó ń wọlé, ìṣirò burn multiple wa sì burú ju bó ṣe wà kí wọ́n tó lé wọn lọ.

ChatGPT jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, lásìkò tí owó ti wọ́n, tí àwọn VC sì ń wá ohun tí wọ́n fi lè sọ pé òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló yẹ. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ 2021 ni ó jáde, ohun mìíràn ni wọn ì bá fi ṣe. Wọn ì bá ní kí a gba èèyàn sí i láti tètè tà á. Àmọ́ ìgbà ọ̀wọ́n owó ló bá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Sam Altman ti OpenAI sọ pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń ta tẹ́tẹ́ lórí ọdún tí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́nìkan yóò kọ́kọ́ tó bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2025, Garry Tan, ọ̀gá Y Combinator, sọ pé ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọlé sáà yẹn, AI ló kọ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún sọfitíwià wọn. Mo gbà á gbọ́. Èmi náà ń lò ó láti fi yẹ ìwé owó wò, ó sì ń bá mi rí àṣìṣe tó lè fi òru mi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Klarna, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti Sweden tí Sequoia wà lára àwọn tó ni ín. Ní oṣù kejì 2024, ó kéde pé láàárín oṣù kan, AI rẹ̀ ti dá oníbàárà lóhùn nígbà 2.3 mílíọ̀nù, iṣẹ́ tó tó ti èèyàn 700. Gbogbo VC ló pín ìròyìn náà kiri, ó dé Yábàá, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ibi mẹ́ta. Ní 2025, Sebastian Siemiatkowski tó jẹ́ ọ̀gá Klarna jáde sọ pé lílépa ìdínkù ìnáwó ti kó bá bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó, àti pé àwọn máa tún gba èèyàn sí i láti dá oníbàárà lóhùn. Ìròyìn yìí kò rìn jìnnà tó ti àkọ́kọ́.

Àwọn VC kan ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì 2020, Martin Casado àti Matt Bornstein ti Andreessen Horowitz kọ ọ́ pé ohun tó ń kù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ AI lẹ́yìn ìnáwó orí ọjà kéré sí ti sọfitíwià àtijọ́, ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí àwọn yòókù ti ń rí 60 sí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sáfà ń jẹ owó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣì nílò èèyàn láti nu dátà àti láti bójú tó ohun tí ẹ̀rọ kò gbọ́. XCON ti kọ́ DEC ní ẹ̀kọ́ yìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní 2024, David Cahn ti Sequoia náà bèèrè ibi tí bílíọ̀nù 600 dọ́là yóò ti wọlé lọ́dọọdún láti san owó tí wọ́n ti dà sórí ẹ̀rọ AI.

Ní tiwa, ìṣirò náà tún yàtọ̀. Ní Menlo Park, owó oṣù ni ohun tó wọ́n jù, ẹ̀rọ ló sì rọ̀ jù. Ní Yábàá, náírà la fi ń san owó òṣìṣẹ́, dọ́là la fi ń san owó AI. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba. Kí 2024 tó jìnnà, ó ti kọjá ₦1,500. Ohun tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan níbí di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ó ṣe iṣẹ́ kankan sí i. Owó oṣù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn kò di ìlọ́po mẹ́ta, ó sì gbọ́ ohùn oníPOS Bódìjà, ti Ìlọrin àti ti Ìjẹ̀bú, èyí tí àwọn ẹ̀rọ tí mo ti rí wọn lò kì í gbọ́ dáadáa. Ìdájọ́ mi ni pé ẹni tó bá gbé ìpín òṣìṣẹ́ sí owó láti California wá fi ṣe òfin ní Èkó, ìṣirò owó ẹlòmíràn ló ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Yábàá, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, mo bẹ̀ yín, ẹ lo ẹ̀rọ náà, ó wúlò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni nítorí pé VC ní èèyàn yín pọ̀, ẹ ṣe ìṣirò náà ní náírà. Ẹ kọ iye tí AI ń gbà lóṣù àti iye ẹjọ́ oníbàárà tí kò lè yanjú sí ẹ̀gbẹ́ iye òṣìṣẹ́ nínú ìròyìn yín, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀.